Olùkọ́ Tó Lọ Kọ́ Aṣọ Gígé

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó dàgbà jù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Alágídí là ń pè é nílé, èmi ni mo sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀, ìyẹn ọmọ mi, kò fẹ́ràn orúkọ náà rárá. Ó ní mò ń fi èpè ṣe oríkì. Mo ní kò sí èpè níbẹ̀, ohun tí mo rí ni mo pè lórúkọ. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ní òun máa gun kẹ̀kẹ́ mi, kẹ̀kẹ́ irin tó ga jù ú lọ. Ìgbà mẹ́tàdínlógún ló ṣubú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta ni. Ẹ má dá a lóhùn. Inú ilé ló wà lọ́jọ́ náà, èmi ni mo jókòó síta tí mò ń kà á. Ohun tí àwa méjèèjì kò jiyàn lé lórí ni pé ó gun kẹ̀kẹ́ náà dé ìparí òpópónà ó sì gùn ún padà, orúnkún rẹ̀ bó, omi kò sì jáde lójú rẹ̀.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló di olùkọ́ èdè òyìnbó. Ó kọ́ni nílé fún ọdún mẹ́fà, lẹ́yìn náà ló wá bá mi nínú yàrá ní ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn mi.

"Bàbá Àgbà, mo rí iṣẹ́ kan lókè òkun."

"Irú iṣẹ́ wo?"

"Kí n máa kọ́ àwọn tó ń rán aṣọ ní òyìnbó."

"Ṣé àwọn òyìnbó ibẹ̀ ò gbọ́ òyìnbó ni?"

"Wọn kì í ṣe òyìnbó. Èdè tiwọn lọ́tọ̀."

"Ìwọ náà kì í ṣe òyìnbó. Ẹni tí kò lẹ́rù wá ń kọ́ ẹni tí kò lẹ́rù bí wọ́n ṣe ń gbé e."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá mi lẹ́sẹ̀. Mo rò pé mo ti yí i lọ́kàn padà. Àṣé ó ti fọwọ́ sí ìwé láti ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Ìkíni lásán ló wá kí mi.

Yàrá tí wọ́n fún un lọ́hùn-ún wà lórí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe. Láti aago méje àárọ̀ ni òòlù ọkùnrin náà ti máa ń dún lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ibùsùn kan, àga kan, tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tó ká bébà sí lábẹ́ kó má baà máa mì. Bí ó bá ṣí fèrèsé, ilé ìránṣọ ló máa rí ní òdì kejì òpópónà: gbọ̀ngàn gígùn kan, ogójì òṣìṣẹ́, fáànù ńlá mẹ́rin tí ariwo wọn pọ̀ ju atẹ́gùn wọn lọ. Ẹni kọ̀ọ̀kan ló ní ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe. Ẹni tó ń rán ọrùn aṣọ, ọrùn ló ń rán láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń rán apá, apá ni. Ẹni tó ń gbẹ́ ojú bọ́tìnnì, ojú bọ́tìnnì ló máa ń rí lójú àlá.

Ọ̀gá wọn jẹ́ ọkùnrin kan tó máa ń gbé awò ojú lé iwájú orí, tí á tún máa wá a kiri nínú àpò. Ní ọjọ́ tí Alágídí dé, kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un. Àwọn oníbàárà láti òkè òkun fẹ́ máa wá bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ fúnra wọn, láìsí ògbufọ̀. Ó ní, "Bí o bá ti lo oṣù mẹ́ta níbí, èmi fúnra mi máa wá jókòó sí kíláàsì rẹ. Bí èèyàn mẹ́wàá bá lè dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè kan, mo máa fọwọ́ sí ọdún kan fún ọ. Bí wọn ò bá pé mẹ́wàá, mi ò ní lè tún ìwé ìgbélùú rẹ ṣe. Wàá máa lọ sílé."

Alágídí ní, "Mo gbọ́, sà." Mẹ́wàá nínú ogójì, kí ló le níbẹ̀?

Inú yàrá ìjẹun ni kíláàsì wà, ní aago mẹ́rin tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ. Èèyàn méjìdínlógún ló wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó jókòó síwájú jẹ́ ìyá kan tó tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, irun orí rẹ̀ funfun, ó fi okùn dúdú gbé sísọ́ọ̀sì kọ́rùn bí ẹni gbé àmì ẹ̀yẹ kọ́. Ìyá Agéṣọ ni wọ́n ń pè é, òun ló ń gé gbogbo aṣọ tí àwọn tó kù ń rán. Alágídí ní sísọ́ọ̀sì náà gùn tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Èmi rò pé ó tó apá, torí ìyá tó lè gbé ilé iṣẹ́ ogójì èèyàn kọ́rùn kò ní gbé ohun kékeré.

Alágídí béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ ní òyìnbó: irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Gbogbo ojú wolẹ̀. Ó tún un béèrè. Ó wá rí ọmọbìnrin kan ní ẹ̀yìn pátápátá, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ẹni tó kéré jù nínú wọn, tí ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni fẹ́ dáhùn. Oníbọ́tìnnì ni wọ́n ń pè é. Ohun tí wọ́n kọ́ Alágídí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni pé kéèyàn bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá, kí iná lè ràn mọ́ àwọn yòókù. Ó ní kí Oníbọ́tìnnì dìde. Ọmọ náà wo Ìyá Agéṣọ, ó wo ilẹ̀, ó tún wo Ìyá. Alágídí ní, "Dìde, má bẹ̀rù." Ó dìde, ó sì dáhùn láìkọsẹ̀. Alágídí pàtẹ́wọ́, ó ní kí gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá Agéṣọ mú báàgì rẹ̀, ó ní òun gbàgbé omi sórí iná, ó jáde. Ní ọjọ́ kejì, èèyàn mẹ́rin ló wá. Ní ọjọ́ kẹta, kò sí ẹyọ kan. Oníbọ́tìnnì gan-an kò wá.

Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú.

"Bàbá Àgbà, wọ́n kórìíra mi."

"Kí lo ṣe fún wọn?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo yin ọmọ kan ni."

"Ẹni tó bá ń yin èèyàn tí wọ́n sì ń sá fún un, kó máa bọ̀ nílé. Àwa tí o máa ń bú níbí kò sá."

"Mi ò padà sílé o."

"Ta ni wàá máa kọ́ níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin lọ́la, mo wà ní kíláàsì."

Ó sì wà níbẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló ń lọ sínú yàrá ìjẹun yẹn ní aago mẹ́rin, á kọ ẹ̀kọ́ sí pátákó, á jókòó títí di aago márùn-ún, á fọwọ́ ara rẹ̀ nu pátákó, á sì relé. Oníbàtà ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ ni ọkùnrin náà á sọ òòlù kalẹ̀.

"Olùkọ́, àga mélòó lo kọ́ lónìí?"

"Méjìdínlógún."

"Ṣé wọ́n gbọ́ràn?"

"Kò sí èyí tó pariwo. Èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn nìkan ló ń dún tí mo bá jókòó lé e."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó mú bàtà rẹ̀ wá, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní ìlú náà tó bá a ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí n má baà gbàgbé: èdè wọn ni wọ́n ń sọ o. Alágídí ti ń kọ́ ọ látinú ìwé kan lálaalẹ́ kó tó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n lẹ́nu mi, Yorùbá ni gbogbo wọn ń sọ, ó sì dùn lẹ́nu wọn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Oníbàtà yìí ló bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan nígbà tó ń lẹ gìgísẹ̀ bàtà náà. Ó ní, "Ṣé o ti dé ibi iṣẹ́ wọn rí, lójú iṣẹ́?" Alágídí ní rárá, ìgbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ lòun máa ń wọlé. Oníbàtà ní, "Ẹni tí o kò rí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ojú lásán lo rí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wà ní gbọ̀ngàn náà kí aago mẹ́jọ tó lù. Àwọn òṣìṣẹ́ ti jókòó nídìí ẹ̀rọ, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan. Aago mẹ́jọ lù, kò sẹ́ni tó tan ẹ̀rọ. Bọ́ọ̀sì tí Ìyá Agéṣọ máa ń wọ̀ ló bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ìdajì wákàtí kọjá. Aṣọ tí wọ́n ti gé sílẹ̀ láti àná kún inú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn kò fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, kò sì lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀.

Alágídí rìn lọ bá Oníbọ́tìnnì.

"Kí ló dé tí ẹ ò ṣiṣẹ́? Aṣọ àná wà nílẹ̀."

"Ìyá ò tíì gé."

"Èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ ńkọ́? Ó ti wà ní gígé."

"Ìyá ò tíì gé, Olùkọ́," ó tún un sọ, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé ìdí tí ọ̀sán fi ń tẹ̀lé àárọ̀. Lẹ́yìn náà àánú rẹ̀ ṣe é, ó fi kún un. "Bí ìgé bá wọ́, gbogbo ohun tí àwa ogójì bá rán máa wọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ní láti kọ́kọ́ gé lójú wa. Bó bá ti gé tán, ẹ̀bi ọjọ́ yẹn ti wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá èmi wí lórí bọ́tìnnì mọ́."

Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni Ìyá Agéṣọ wọlé. Kò sáré. Ó bọ́ ẹ̀wù òkè, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì gígùn, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó gbé sísọ́ọ̀sì, ó gé e. Ogójì ẹ̀rọ bú lẹ́ẹ̀kan náà. Alágídí ní ilẹ̀ mì. Mo gbà á gbọ́. Kódà mo rò pé a gbọ́ ọ dé ibí.

Ibẹ̀ ló ti yé e. Ó ti fa ẹni tó kéré jù síwájú láìsí ẹni tó máa gba ẹ̀bi fún un. Ó sì ti fi hàn lójú gbogbo wọn pé Ìyá kò lè kọ́kọ́ ṣe ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe láti ọdún mọ́kànlélógójì. Inú bí mi nígbà tó sọ ọ́ fún mi. Ọmọ tí a tọ́ nílé mi, tí kì í nawọ́ sínú abọ́ kí èmi tó nawọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti fọ gbogbo rẹ̀ dànù.

Ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, ó lọ sídìí tábìlì Ìyá, ó sì kúnlẹ̀ bí a ti máa ń ṣe. Ìyá yára wo abẹ́ tábìlì.

"Kí lo sọ nù?"

"Mi ò sọ nǹkan kan nù, mà. Bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyí."

"Dìde, eruku aṣọ á bò ọ́. Kí lo fẹ́?"

"Ẹ kọ́ mi ní aṣọ gígé."

"Ta ló rán ọ?"

"Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá."

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọdún mẹ́rin ni mo lò kí wọ́n tó jẹ́ kí n di sísọ́ọ̀sì mú."

"Oṣù méjì ló kù fún mi."

"Orí ẹ le."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ nílé wa, mà."

Ìyá nawọ́ sí ìgbálẹ̀ tó wà nígun ilé. Ọ̀sẹ̀ kan ni Alágídí fi gbálẹ̀ abẹ́ tábìlì yẹn kó tó kan ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fún un ní àgékù aṣọ. Apá àkọ́kọ́ tó gé, ẹni tí ìgunpá rẹ̀ bá wà níwájú nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń rán apá gbé e sókè, ó fi han gbogbo gbọ̀ngàn. Ó ní, "Ẹ bá mi wá ẹni tó ni èyí, kí n wọ̀n ọ́n." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí àwọn kan fi gbórí lé ẹ̀rọ. Alágídí gba àgékù mìíràn, ó tún un gé. Ó tún wọ́. Ó tún gba òmíràn. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kí i lójú pópó.

Bó ṣe ń gé aṣọ ló ń pe orúkọ ohun gbogbo tó bá fọwọ́ kàn ní òyìnbó, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀: ṣọ́ọ̀kì, ìlà, aṣọ, etí aṣọ. Kò wo ojú Ìyá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ìyá fi dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, Ìyá pe orúkọ ṣọ́ọ̀kì ní òyìnbó, ní ohùn wẹ́lẹ́, kò sì gbórí sókè. Ọwọ́ Alágídí ti fẹ́ pàdé láti pàtẹ́wọ́, ó yára fi wọ́n di etí tábìlì mú. Ó rọra ti ṣọ́ọ̀kì sọ́dọ̀ Ìyá.

Ariwo fáànù bo gbogbo ohun tí wọ́n jọ sọ lẹ́yìn náà. Ìyá kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, á sì gbé e padà wá lọ́jọ́ kejì bí aṣọ tí wọ́n ti lọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ló sọ ìdí tó fi ń kọ́ òyìnbó.

"Ẹ̀rọ tuntun tí Ọ̀gá rà, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìkìlọ̀ sí i lára. Ó kà á fún wa lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ. Bí ó bá mú ọmọ kan lọ́wọ́, mo fẹ́ mọ ohun tí mo máa sọ kí wọ́n ṣe."

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìyá wọ inú yàrá ìjẹun ní aago mẹ́rin, ó jókòó síwájú. Àwọn yòókù tò tẹ̀lé e. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ pọ̀, ohùn wọn ń mi fèrèsé, ṣùgbọ́n bí Alágídí bá ní kí ẹnì kan dá sọ̀rọ̀, ilé á pa lọ́lọ́. Ìyá kò tíì fẹ́ sọ̀rọ̀ lójú wọn. Ó ku díẹ̀ kó tó ṣe tán. Ó ní òun kì í gé aṣọ tí òun kò tíì wọ̀n tán.

Mo sọ fún un lórí fóònù, "Pe ọmọ oníbọ́tìnnì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kó kọ́ ẹni mẹ́sàn-án ní ìdáhùn, kí wọ́n há a sórí. Ta ló máa mọ̀?"

"Ìyá ò tíì gé, Bàbá Àgbà."

"Bí ò bá wá gé ńkọ́?"

"Mo máa dúró."

"Wọ́n á dá ọ padà sílé."

"Ẹ tún ibùsùn mi ṣe sílẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n mi ò ní fa ọmọ yẹn jáde lẹ́ẹ̀kejì."

Ọjọ́ náà pé. Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú bébà àti bírò, ó jókòó. Gbogbo ilé iṣẹ́ mọ̀ pé ẹnu Oníbọ́tìnnì ló yá jù, òun ló sì kọ́kọ́ nàka sí.

"Ìwọ. Irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Oníbọ́tìnnì dìde, ó ká ọwọ́ pọ̀, ó pa ẹnu mọ́.

Ọ̀gá ní, "Olùkọ́, sọ fún un kó dáhùn."

Ẹ rò ó wò. Ọmọ náà mọ ìdáhùn. Bí Alágídí bá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, á sọ̀rọ̀, á ku mẹ́sàn-án. Ìwé ìgbélùú wà lórí ahọ́n ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," Alágídí ní, "ẹ jẹ́ kó jókòó. Ìyá ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

"Ìyá ò gbọ́ òyìnbó."

"Ẹ bi wọ́n, sà."

Ọ̀gá yí sí Ìyá Agéṣọ, ó bi í. Ìyá kò mira. Alágídí náà kò mira. Kò tọ́ ọ sọ́nà, kò ṣẹ́jú sí i, ó jókòó. Alágídí ní ìdákẹ́jẹ́ náà tó ìṣẹ́jú kan. Mo ti gbé e wò lọ́tùn-ún lósì, kò lè dín ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìyá dìde. Ó gbé ọwọ́ lé sísọ́ọ̀sì tó wà láyà rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní òyìnbó pé aṣọ lòun ń gé, pé ọdún mọ́kànlélógójì nìyí, pé òun ló ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọ̀gá bi í pé kí ni yóò ṣe bí ẹ̀rọ bá mú ẹnì kan lọ́wọ́. Ó ní òun máa kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì pupa tó ń pa ẹ̀rọ, kí òun tó fọwọ́ kan ẹni náà. Ó ṣi ọ̀rọ̀ méjì sọ. Ó tún ọ̀kan ṣe fúnra rẹ̀, ó fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì jókòó.

Oníbọ́tìnnì ti wà lórí ìdúró kí Ọ̀gá tó gbórí sókè. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń rán ọrùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń rán apá, tó gbàgbé gbogbo rẹ̀ láàárín méjì, tó ní kí wọ́n dúró de òun, tí wọ́n sì dúró dè é títí ó fi rántí. Nígbà tí wọ́n fi parí, mẹ́rìnlá ti sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá mú bírò. "Ọdún kan nìyẹn."

"Ọdún méjì, sà," Alágídí ní. "Ogójì lẹ ní."

"Mẹ́wàá la sọ."

"Ẹ̀yin lẹ sọ mẹ́wàá. Ẹ̀rọ tuntun yẹn ò mọ ẹni tó wá sí kíláàsì àti ẹni tí kò wá."

Ọ̀gá wo Ìyá Agéṣọ. Ìyá fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún méjì ni Ọ̀gá kọ, ó sì fọwọ́ sí i.

Mo pè é ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ní ó ti ṣe bẹbẹ, ó ti fi hàn wọ́n pé ọmọ ilé wa lòun, ó ti tó kó wá kí àgbàlagbà kó tó kú. Mo fi ikọ́ díẹ̀ sí i kó lè dùn.

"Bàbá Àgbà, ẹ ò ṣàìsàn."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mọ́mì ti sọ fún mi pé ẹ gun orí àjà lánàá. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kù tí wọn ò tíì sọ̀rọ̀, ẹni méje nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó síwájú mi báyìí."

Ó ní ó dàbọ̀, ó sì pa fóònù mọ́ mi létí.